Adìẹ Tó Wọlé Alága

"Níbo gan-an ni adìẹ ń gbà wọlé?"

Màmá Tíṣà ló béèrè bẹ́ẹ̀, tó gbé ajá rẹ̀ ka orí káńtà bí ẹni gbé ẹjọ́ síwájú adájọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ni ṣọ́ọ̀bù, ń wo ajá. Èmi ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ajá ò ráyè wo ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ abẹ́ etí bí ẹni tí wọ́n háyà.

Alága ni wọ́n ń pè é. Kò ga ju bàtà òjò lọ, inú àpò ọjà sì ni Màmá Tíṣà máa ń gbé e sí, ṣùgbọ́n tó bá yọrí síta báyìí, ẹ máa rò pé òun ló ni àdúgbò. Dókítà ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní adìẹ ni kò bá a lára mu. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran adìẹ, tàbí ọ̀rá rẹ̀, tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, títí kan omi tí wọ́n fi bọ̀ ọ́. Dókítà yìí kan náà ló ní kí Màmá Tíṣà máa ra oúnjẹ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó mọ ẹ̀yìn àpò oúnjẹ kà bíi tirẹ̀.

Kò purọ́. Oúnjẹ ajá kékeré nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà, kò sì sí àpò tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo parí yunifásítì tí mo wá ń bá a dúró ní káńtà, mo rò pé ìwé kíkà lásán ni iṣẹ́ náà. Mo gbé àpò kan tí wọ́n ya ẹran pupa sí lára.

"Àǹtí, èyí dáa. Ẹran ló ṣáájú nínú èròjà ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹran tútù ni wọ́n kọ, àbúrò. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bó ṣe wúwo kí wọ́n tó sè é ni wọ́n fi tò ó. Tí omi yẹn bá gbẹ tán, ṣé ó ṣì máa ṣáájú? Máa kà lọ."

Mo kà á. Ìyẹ̀fun àgbàdo. Àgbàdo lílọ̀. Háhá àgbàdo.

"Àgbàdo kan náà kọ́ nìyí?" mo ní. "Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ kó má bàa ṣáájú ẹran!"

"Hẹn-ẹ́n! Owó ilé-ìwé yẹn ò wọgbó."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀yìn àpò ti di àlọ́ tí mo ń já. Tí wọ́n bá kọ "ọ̀rá ẹran," ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹran wo? Ẹran tí ò lórúkọ ò ní wọ ibí." Á mú hóró oúnjẹ kan sáàárín ìka méjì, á wò ó bóyá ẹnu ajá kékeré á gbà á. Kì í fẹ́ rí háhá tó pọ̀ jù rárá. Ó ní inú ajá kékeré ò gba nǹkan púpọ̀. Tí wọ́n bá fi háhá dí i, kí ló kù tó máa jẹ?

Oúnjẹ ẹja ló yàn fún Alága: ẹja, ọ̀dùnkún, ọ̀rá ẹja. Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀ tí kò yé e, wọ́n kàn pè é ní "adùn." Adùn kí ni? Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó dúró, ó dúró. Wọ́n já fóònù, ó tún pè. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀rọ, ó ní ara ẹja ni àwọ́n ti ń yọ ọ́. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Alága ṣì ń họra.

"Ọ̀la ni mò ń gbé e padà lọ," Màmá Tíṣà ní. "Dókítà sì sọ ọ́ létí mi. Tí ara ajá yìí ò bá tíì yá, òun ò tún ní darí ẹnikẹ́ni síbí mọ́."

Ọ̀dọ̀ dókítà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wa ti ń wá. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ló dun ẹ̀gbọ́n mi jù.

"Èmi ni mo sọ pé kò sí adìẹ nínú ẹ̀," ó ní. "Orúkọ mi ni mo fi dúró."

"Bóyá ọ̀gá orí fóònù yẹn ló parọ́," mo ní.

"Rárá. Oúnjẹ yẹn dá mi lójú." Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù. "Mà, ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín. Mo fẹ́ rí gbogbo ohun tó ń kan ẹnu Alága."

"Ṣé olè lo fẹ́ wá mú ni, àbí adìẹ?"

"Ọ̀kan náà ni wọ́n lónìí, mà."

Ilé ìdáná Màmá Tíṣà mọ́ débi pé ẹ̀rù bà mí láti tẹ ilẹ̀ ẹ̀. Mo fọwọ́ mi ní síǹkì, mo wo abẹ́ àga, mo tú agolo ìdọ̀tí wò. Ẹ̀gbọ́n mi ka ẹ̀yìn páálí bisikíìtì ajá: ẹja. Ó ka ara oògùn aràn: kò ní adùn kankan.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà? Ṣé ẹ kì í ju egungun fún un?"

"Egungun kẹ̀? Èmi tí mo ti pa adìẹ tì nítorí ajá! Ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù, ó ní, 'Màmá, ṣé orí yín pé báyìí?'"

"Àwọn ará ilé kejì ńkọ́?"

"Ta ni ò fẹ́ràn ara ẹ̀, tó máa fún ajá mi ní nǹkan jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bóyá èmi ni mo ṣì í."

"Ẹ ò ṣì í," mo ní, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ariwo yẹn bí Alága nínú. Ó gbó mọ́ mi, gbogbo eyín ẹ̀ sì hàn síta, ó funfun báláú.

"Ẹ wo eyín!" ni mo pa á dà sí.

Màmá Tíṣà na ọrùn. "Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí? Eyín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń jẹrà. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ fún un, àtàárọ̀ àtalẹ́. Kì í bá mi jà. Ṣe ló máa ń lá búrọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè. "Ó máa ń lá a?"

"Á lá a mọ́ féfé. Ṣé ajá mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù ni?"

Àwa méjèèjì wo síǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́bàá ẹ̀, níbi tí mo ti fọwọ́ mi, ife kan wà tí búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti kékeré dúró sí, ọṣẹ ìfọyín ajá sì dúró sáàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ ọṣẹ náà. Bí ìṣe rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó ń ṣẹ́ ojú sí àwọn lẹ́tà wínníwínní.

"Àǹtí," mo ní, "iwájú ni kí ẹ wò."

Adìẹ ńlá kan ni wọ́n yà síbẹ̀, lábẹ́ "adùn adìẹ," ó sanra, ogbe orí ẹ̀ pupa fòò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.