Ìlà Àwọn Ọmọ Ìwé Mẹ́fà

Bàbá Àjàyí ká ìwé ìròyìn náà sí méjì, ó sì fi lu orí tábìlì.

"Àwọn ọmọ tiwọn ló yege," ó wí. "Gbogbo wọn, kò ku ẹnì kan. Ulé ùwé tiwa ńkọ́? Ìdajì. Wọ́n kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé lè kà á."

Inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Ayétòrò ti ń ṣèpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, sáà tuntun sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá Àjàyí, alága wọn, fẹ́ kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n gbé Tíṣà Martha, ọ̀gá ilé-ìwé, kúrò, kí wọ́n fún àwọn ní ẹlòmíràn tó mọ bí a ti í ṣe é. Ọmọ tó bá dájú pé yóò yege nìkan ni yóò máa wọ ìwé mẹ́fà. Kí àwọn yòókù jókòó sí ìwé márùn-ún títí orí wọn yóò fi pé. Bàbá kò dárúkọ Níkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà lára àwọn tó fìdí rẹmi. Láti ọjọ́ tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́fà ti dé ló ti fi ọmọ náà ránṣẹ́ sóko, kí ojú má bàa ti ilé.

Bánjọ Ọláìtán jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, eruku ọyẹ́ ti sọ kóòtù rẹ̀ di pupa. Ọ́fíìsì ìjọba n'Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn, kòkó àti ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń wá ìtumọ̀ iye tí wọ́n bá rí. Gbogbo Ayétòrò ló ń fi í yangàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń ṣe gan-an. Àbúrò Martha ni, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá Àjàyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè é, ó ní ìṣirò kì í mọ ẹbí.

"Kà á, Bánjọ," ni Bàbá wí, "kí o sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wa."

Bánjọ kà á. Ilé-ìwé tí wọ́n ń yìn náà wà ní ìlú kan tí kò jìnnà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àna wa pọ̀ níbẹ̀. Oníròyìn ya fọ́tò ọ̀gá ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé èso ètò ẹ̀kọ́ tuntun nìyí. Bánjọ wá ibi tó kọ iye ọmọ tó ṣe ìdánwò sí, kò rí i. Inú bí i. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Martha ń wò. Nílé ló ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbèjà òun, ohun tó bá mọ̀ nìkan ni kó sọ.

"Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ẹ lọ wo ìyíde Ọjọ́ Òmìnira n'Ìjerò, àbí?"

Ta ni kò lọ? Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, ọdọọdún ni àwọn ilé-ìwé agbègbè náà ń yíde níwájú àwọn ọba, kíláàsì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, tí ìyá kálukú á máa na ọrùn wá ọmọ rẹ̀.

"Báwo ni ìlà ìwé mẹ́fà ilé-ìwé yìí ti rí?"

Ojú Bàbá Àjàyí tàn. Ó ní ó kúrú, ó gún régé, kò sí ọmọ tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Tiwa ló gùn gbọọrọ, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń sáré lé àwọn tó wà níwájú. Ojú ti òun lọ́jọ́ náà, òun sì sọ ọ́ fún Martha lójú ẹsẹ̀.

"Ìwé márùn-ún wọn ńkọ́, Bàbá?"

Bánjọ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rántí. Ìyá Janet, tó ń ṣojú àwọn obìnrin, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yẹn ṣì ń kọjá lọ nígbà tí òjò dé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti hu irùngbọ̀n.

Gbogbo wọn ló rí i. Ìlà tó gún dùn ún wò, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí àwọn ọmọ tó kù wà.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Àjàyí, ohun tó mọ̀ ló fi wé e.

"Ọ̀gá wọn ti ṣa kòkó rẹ̀ nílé," ó rọra wí, "kó tó gbé e síwájú ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi èyí tó bu sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìwé ìròyìn wá ń sọ pé kòkó kì í bu lóko rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, akọ̀wé ìgbìmọ̀, fò dìde. Ó ní kí Bánjọ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà gan-an, kó fi orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ tì í lẹ́yìn, pé ilé-ìwé Ayétòrò ló dára jù ní gbogbo Èkìtì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì sí ẹni tí yóò tún fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ó wu Bánjọ kó kọ ọ́.

"N kò lè kọ ọ́," ó ní. "Ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n kọ síbí kò fi hàn pé tiwọn dára ju tiwa lọ. Kò sì fi hàn pé tiwa ló dára jù. Ìdajì àwọn ọmọ wa ṣì fìdí rẹmi."

Ara gbogbo wọn tutù. Bánjọ rò pé òun ti ba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́. Ìgbà náà ni Martha gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ení, èjì," ó wí, kò tilẹ̀ bìkítà ẹni tó ń gbọ́. "Èmi ni."

Bàbá Àjàyí wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà títí. Ó gbé ìwé ìròyìn, ó sì fi sábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Tíṣà, tí a bá ṣe é bíi tiwọn, ìlà wo ni Níkẹ́ ìbá wà?"

"Ìwé márùn-ún, Bàbá."

"Tó bá jẹ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Ìwé mẹ́fà. Á tún ìdánwò ṣe, màá sì máa kọ́ ọ nírọ̀lẹ́."

Bàbá Àjàyí mi orí. Ó ní kí akọ̀wé pa lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ tì. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Lọ́la ni mò ń lọ mú un wá láti oko," ó ní. "Jẹ́ kí ìlà yẹn gùn bó bá ti fẹ́ gùn, Tíṣà. Kódà bí òjò bá dé, màá dúró títí ọmọ mi yóò fi kọjá."