Àlejò Tí Kò Kan Ilẹ̀kùn

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, òjò ń rọ̀, Ìyá Onítìmùtìmù sì jókòó síwájú tẹlifíṣàn bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Sinimá dúdú-àti-funfun nìkan ló máa ń wò. Ó ní àwọn aláwọ̀ mèremère yẹn ń pariwo mọ́ òun lójú. Àwọn ará Súwídìn ló ṣe tọjọ́ náà láyé àtijọ́. Màmá ò gbédè wọn, kò sì mọ̀wé kà, nítorí náà ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán sí i létí. Wúyẹ́ ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà, torí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹni tó bá jókòó tì í. Òun náà ló máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún Màmá.

Nínú sinimá, ọkùnrin tín-ín-rín kan wọ ilé ìdáná opó kan, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Èmi ni Ikú. Palẹ̀ mọ́."

Wúyẹ́ ò kà á síta. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé ni Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ikú nínú ilé náà. Àǹtí ò jẹ́ kí Wúyẹ́ túmọ̀ tọ̀tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Màmá pé dókítà ní kó fi iṣẹ́ àga títún ṣe sílẹ̀, kó wá máa sinmi ní yàrá ẹ̀yìn ilé òun títí ara á fi yá. Lọ́la ni ẹni tó fẹ́ ra òòlù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti gbogbo irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀.

"Ó ní àlejò lòun," ni Wúyẹ́ wí. "Ó ní kí obìnrin náà sinmi."

"Àlejò wo? Ta ló fi àga lọ̀ ọ́? Àlejò ń kan ilẹ̀kùn, èyí yọ bí èéfín!" Màmá yíjú sí i. "Ẹnu opó yẹn sì ń gbọ̀n. Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Ikú ni, Màmá."

"Ẹn-ẹ́n!" Màmá na ìka sí Wúyẹ́. "Ohun tí dókítà sọ ńkọ́? Ṣé àlejò lòun náà pè é?"

Wúyẹ́ sún mọ́ ọn. "Ó ní ọkàn yín ti rẹ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Ó lè jẹ́ oṣù, ó lè jẹ́ ọdún."

"Ó ní kí n má ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Rárá. Ó ní kí ẹ máa ṣe èyí tágbára yín bá gbé. Àǹtí ló fi ìyókù kún un."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ fẹ́ pín ogún mi lójú mi! Ikú tó bá ń wá mi, kó wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní lọ dúró dè é ní yàrá ẹ̀yìn."

Ìgbà náà ni Àǹtí wọlé, agbòjò lọ́wọ́. Ó wo àwòrán, ó ké: "Ta ló ń fi ikú han aláìsàn?" Ó na ọwọ́ sí rìmóòtù.

Wúyẹ́ yára gbé e, ó fi pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má pa á, Àǹtí. Mo ti sọ fún wọn. Ohun tí dókítà sọ gan-an."

Àǹtí wò ó bí ìgbà tí ògiri bá fọhùn. Ó wó sórí àga. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Mo rò pé tí ẹ ò bá gbọ́..."

"Tí n ò bá gbọ́, ṣé Ikú á ṣìnà ilé ni? Pe ẹni tó fẹ́ rajà. Sọ fún un pé onírinṣẹ́ ń lo irinṣẹ́ rẹ̀."

Àǹtí nu ojú, ó mú fóònù, ó sì pè é. Wúyẹ́ yíjú padà sí sinimá. Ọkùnrin tín-ín-rín náà ti dìde, ó dúró ti opó náà. Ọmọbìnrin náà kà á síta, ohùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀ kan: "Ó ní, 'Ṣé o ti ṣe tán?'"

Opó náà ò tíì la ẹnu tí Màmá fi dá a lóhùn: "Kò tíì ṣe tán! Padà lọ jókòó!"