Iṣu Mẹ́fà fún Adájọ́ Fìdíhẹ

Lọ́dún 1979, àìsàn dá adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ oko Damaris, opó kan ní Ìdòfin, kù díẹ̀ kó parí. Jónà, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, ló fẹ́ gba oko náà, oko tí sàréè ọkọ ọ̀hún wà. Wọ́n ní àwọn yóò wá adájọ́ fìdíhẹ. Akọ̀wé kóòtù ka òfin rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn: ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀wé, kò gbọdọ̀ ṣẹ̀wọ̀n rí, kò sì gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó lẹ́jọ́ nílẹ̀.

Orúkọ Oyèdìran ni wọ́n mú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìṣojú rẹ̀ báyìí ni ọkọ Damaris ṣe gbin igi obì àkọ́kọ́ sínú oko náà! Inú Damaris dùn débi pé kò ro ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣebí ẹni tó bá joyè, a kì í fọwọ́ lásán kí i? Ó di iṣu mẹ́fà, ó gbé e karí, ó ń jó lọ ní ọ̀sán gangan.

“Ìyá Àlàbá, rọra o, ìdí á já!” Salamot, aládùúgbò rẹ̀, pariwo.

“Tó bá já, ṣà á tẹ̀lé mi! Ìdí yìí ti sin mí tó!”

Oyèdìran kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ gba iṣu, ó dúpẹ́. Gbogbo ìlú rí i. Akọ̀wé kóòtù náà rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó fagi lé orúkọ Oyèdìran.

“Mo kí i kú oríire ni!” Damaris figbe ta. “Ta ló ń jó gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ?”

“Ìyá, òfin ò béèrè bóyá ẹ jó.”

Lábọ̀dé ará Erúkù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òun mọ̀wé, kò ṣẹ̀wọ̀n rí, kò gbaṣu ẹnikẹ́ni. Kò sì mọ oko náà rí. Ìwé tí Jónà mú wá ló kà, ló bá gbé oko fún Jónà.

“Iṣu mẹ́fà ni mo fi ta oko,” Damaris wí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Òmùgọ̀ tó mọ ijó jó!” Salamot kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Oyèdìran gbé iṣu náà dé ọ̀dọ̀ Damaris, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

“Ìyàwó wa, a ò fẹnu kàn án.”

Gbogbo rẹ̀ ti hù. Damaris fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní èbù fún gbígbìn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìgbà tó gé ẹ̀kẹfà tán ló rántí pé kò sí ilẹ̀ tí yóò gbìn ín sí.