Yúníìtì Mọ́kànlá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Lorna Sedlacek ṣe le tó, kó lọ bi àwọn ọkùnrin tó ń bá a ṣèpàdé. Òun ni olórí eré ìdárayá ní yunifásítì ìpínlẹ̀ nílùú Kessler, níbi tí oko àgbàdo ti yí ìlú ká. Oríṣi eré méjìlélógún ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fọlibọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni ará ìlú fẹ́ràn bí ojú.

Lọ́dún náà, ẹnikẹ́ni ò tíì na ikọ̀ fọlibọ́ọ̀lù yìí. Maxine Thorsrud, tó ti ń kọ́ wọn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ti ní òun máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà yẹn, kò sì gba ife-ẹ̀yẹ rí. Òun ló kọ́ Lorna alára nígbà tí Lorna wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Bí ife náà ṣe ń wu Maxine ló ń wu Lorna, bóyá ti Lorna tilẹ̀ le jù.

Àárọ̀ Túsìdé kan ni Dwight Pruett wọlé, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rú òfin. Kò jókòó. Ó ní ọmọ ikọ̀ kan, Kaylin, já kẹ́mísìrì sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, yúníìtì ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wá di mọ́kànlá. Òfin sì ní ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé méjìlá ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan pápá. Kaylin gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ó tó di Fúráìdé kó tó mú ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́, ìṣẹ́gun ọjọ́ Wẹ́sìdé á di ìpàdánù, àmì wọn ò sì ní tó láti lọ du ife mọ́.

Dwight ń wo bàtà rẹ̀. "Ọ̀gá, àwa méjì péré la mọ̀."

"Dwight, àwa méjì yẹn ò kéré."

Ká má parọ́, ọkàn Lorna fà sí i pé kí wọ́n dákẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, Lorna mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó dìde, ó gba gbọ̀ngàn ìgbáradì lọ, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún Maxine. Ìyá náà kàn ń ṣa bọ́ọ̀lù lọ sínú apẹ̀rẹ̀. Lorna bẹ̀ ẹ́, ó ní kó bú òun. Maxine ní kó máa lọ. Lorna sunkún nínú mọ́tò rẹ̀, ó rò pé òun ti pàdánù ìyá, lẹ́yìn náà ló lọ kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníròyìn kún yàrá tí Lorna ti ń kéde ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bèèrè orúkọ ọmọ náà.

"Sedlacek lorúkọ ẹ̀," ni Lorna wí. "Èmi ni olórí. Iṣẹ́ mi ni kí n rí i, mi ò rí i."

Ibẹ̀ ni Maxine gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Kò mọ gbogbo ẹ̀," ni Maxine wí. "Èmi ni mo ní kí ọmọ yẹn já kẹ́mísìrì, torí ó ń dí ìgbáradì wa lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá kò séwu, mo ní kò séwu. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé ni mo ka yúníìtì, mo rí i pé kò pé, mo panu mọ́. Ife yẹn wù mí. Lorna wá ń bẹ̀ mí lánàá nítorí ohun tí ọwọ́ ara mi ṣe."

Lorna wo ẹni tó kọ́ ọ, ojú rẹ̀ kún fómi, ìfẹ́ tó ní sí i ò dín rárá.

"Kóòṣì, ẹ ò ní darí ìdíje ọjọ́ Sátidé."

Ìdíje tó kẹ́yìn nínú sáà náà àti nínú iṣẹ́ ìyá náà nìyẹn. Maxine mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ká ní èmi ni ìwọ, ohun tí ǹ bá ṣe nìyẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé, Maxine jókòó sókè láàárín àwọn àgbẹ̀, Lorna wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà borí láìsí ohùn rẹ̀ létí pápá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn balẹ̀, Maxine ti fa ọwọ́ Lorna yọ nínú àpò ẹ̀wù, ó dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìjókòó fi ṣófo.