Àtẹ́lẹwọ́ Lórí Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ́ńjìnnì Fẹ́sípà, alùpùpù Ládélé, bá tutù, ìtẹ̀ kan ṣoṣo ni, á ti dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tí a sì pa á, ó di òkú nìyẹn, àfi bó bá tún tutù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn ajínigbé mú Akíndèjì àbúrò rẹ̀ lójú ọ̀nà Etioro, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, ni Ládélé gbé Fẹ́sípà náà tọ Zacchaeus mẹkáníìkì lọ. Télọ̀ ni Ládélé. Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ilé rẹ̀ wà ní Etioro, ojú ọ̀nà tó gbé àbúrò rẹ̀ mì yìí náà ló sì gbọ́dọ̀ gbà délé. Ó ní kí Zacchaeus sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò ní í tó. Zacchaeus fẹ sílíńdà, ó fi kabúrétọ̀ ńlá sí i, ó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Láti ìgbà náà ni Fẹ́sípà ti ń fò bí àṣá, àìsàn yìí sì bá eré náà wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Zacchaeus ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ Fẹ́sípà, ó ń kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀ bó ti ń ṣe. Ó ṣàlàyé pé ooru ẹ́ńjìnnì ló ń se epo inú kabúrétọ̀; bí a bá ti pa á, epo á máa kán sínú, á sì mú kí púlọ́ọ̀gì rin, kò ní lè taná. Òun yóò gé páádì tó nípọn sí àárín àwọn méjèèjì kí ooru má baà ré kọjá. Kí Ládélé fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ládélé ní òun kò lè sùn ní Ìkàrẹ́. Ìyàwó òun nìkan ló wà nílé.

Zacchaeus rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ní kó máa fò. Ẹyẹ tó ń fò, o tún fẹ́ kó mọ ìjókòó?" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Má pa á títí o ó fi délé. Bó bá kú, má fa ṣóòkì rárá, epo ló tún ń fà wọlé. Ti páìpù epo pa, fún un ní ọwọ́ dé òpin, yí ọwọ́ ìfúnná tán, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀, dúró títí o ó fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí o ka Àdúrà Olúwa tán láìjẹ́ pé ó jó ọ."

Ládélé kọjá Ọ̀kà, ó wọ àárín àwọn àpáta. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Àwọn ẹyẹ pàápàá dákẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí Bàbá Ìbráhìm, ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá rẹ̀, tí ó dúró lẹ́bàá igbó, tí ó na ọwọ́ sókè.

Ọmọ tí a kọ́ tó sì gbọ́ ni Ládélé. Kì í kí àgbà lórí ìjókòó, kì í sì í jẹ́ kí ariwo bo ìkíni mọ́lẹ̀. Kí ó tó ro ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ ló wà tí ọ̀rọ̀ Zacchaeus fi padà sí i lọ́kàn.

Ó sáré tẹ ẹ́ńjìnnì, kò dáhùn. Ìbẹ̀rù mú un, ó sì fa ṣóòkì. Òórùn epo gba afẹ́fẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni bàbá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àwọn ajínigbé ti wọ́ igi dí ọ̀nà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí wọn láti oko. Wọ́n gbọ́ ọ bí o ṣe ń bọ̀. Wọ́n sì ti gbọ́ pé o dákẹ́."

Àwọn méjèèjì yí Fẹ́sípà padà sí ọ̀nà Ọ̀kà, wọ́n ń tì í. Ládélé fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó jó o. Ó ti epo, ó dá ṣóòkì padà. Ọlọ́kadà kan yọ níwájú, ó ń sáré bọ̀. Ládélé bọ́ sójú títì, ó ju apá méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í dúró níbẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ọmọkùnrin náà yà fún un, ó tẹ fèrè, ó lọ. Wọ́n gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀ títí dé kọ̀rọ̀. Lójijì, wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá Ìbráhìm pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Wọ́n ń tì í lọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan súfèé lẹ́yìn wọn, ẹlòmíràn sì dáhùn láti inú igbó. Èyí tó dáhùn náà sún mọ́ wọn.

Ládélé dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ewé ń dún. Ó fẹ́ fa ọwọ́ yọ láàárín àdúrà, kò fà á. Ó kà á dé àmín, kò jó o. Ó gbé bàbá sẹ́yìn, ó fún ẹ́ńjìnnì ní ọwọ́ dé òpin, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó dáhùn. Èéfín bo ọ̀nà, Ládélé ṣí epo, wọ́n fò. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ké lẹ́yìn kọ̀rọ̀ yẹn, wọn kò lè gbọ́.

Ilé olórí ọdẹ ní Ọ̀kà ló ti dúró. Àwọn àgbà jókòó níwájú ilé. Ládélé kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀ kalẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀. Orí ìjókòó ló wà tó fi pariwo ọ̀rọ̀ igi tó dí ọ̀nà àti ọmọkùnrin ọlọ́kadà tó kọrí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a wí. Olórí ọdẹ ti dìde, ó ń wá ìbọn rẹ̀.