Ọfà Méjì Tó Kẹ̀yìn Síra

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn ọrùn Abẹ́rẹ́, ó sì tún ń fi ìka lu ẹ̀yìn àga rẹ̀ bí ẹni ń lé adìẹ.

Abẹ́rẹ́ kò tíì tẹ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ń sáré lórí àwọn orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Àárọ̀ yẹn ni àwọn tó ń ṣe oògùn ọkàn kan ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wọn pé àwọn páálí kan tí nọ́ńbà kan náà wà lẹ́yìn wọn ti bàjẹ́, pé ọkàn ẹni tó bá lò ó lè dáwọ́ dúró lójijì. Abẹ́rẹ́ ló ń tọ́jú àká ìsọfúnni, níbi tí orúkọ àwọn aláìsàn àti oògùn tí wọ́n gbà wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni yóò wá àwọn tó gba páálí náà jáde, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lè bá wọn kí wọ́n tó lo ti ọ̀sán.

Ìyá rẹ̀ ń lo oògùn yẹn. Ó wo àwọn orúkọ náà látòkè délẹ̀, kò rí ti ìyá rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ti pe ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kò gbé fóònù. Abẹ́rẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé oorun ni ìyá ń sùn.

Ìka rẹ̀ ti fẹ́ kan bọ́tìnnì nígbà tó rántí fèrèsé apòògùn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gba oògùn ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Apòògùn tiẹ̀ ń ráhùn pé nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń kó fáwọn láti oṣù tó kọjá.

Báwo wá ni ìyá ò ṣe sí níbẹ̀?

"Ẹ fún mi níṣẹ̀ẹ́jú kan, sà."

"Láti àárọ̀ lo ti ń gba ìṣẹ́jú kan. Ṣé ò ń ya fọ́tò rẹ̀ ni?"

"Ẹ jókòó, sà, kí àga mi lè sinmi."

Ó wá ìyá rẹ̀ lọ́tọ̀. Nọ́ńbà burúkú yẹn rèé níwájú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi ipò, níbi tó yẹ kí dókítà kọ ọ́ sí bóyá ó ṣì ń lo oògùn tàbí ó ti dá a dúró, òfìfo ló wà.

Abẹ́rẹ́ padà ka àṣẹ tó kọ fún ẹ̀rọ. Ohun tó ní kí ẹ̀rọ kó wá ni ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti páálí burúkú, ÀTI tí ipò rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú "ó ti dá a dúró". Ọfà méjì tó kẹ̀yìn síra, àmì àìdọ́gba, ló fi sáàárín. Ó dára lójú. Àmọ́ bí èèyàn bá bi ẹ̀rọ bóyá òfìfo dọ́gba pẹ̀lú nǹkan, kò ní í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá bi í bóyá kò dọ́gba, kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀. Ṣe ló máa dákẹ́, á sì fi onítọ̀hún sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń lo oògùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ta ló ń ráyè kọ nǹkan kan síwájú orúkọ rẹ̀?

"Ọ̀gá, àwọn tó yẹ ká kìlọ̀ fún gan-an la fò dá."

Ọ̀gá ní dókítà àgbà ń dúró, kí wọ́n fi eléyìí ránṣẹ́ ná, kí wọ́n tún un ṣe tó bá yá.

"Tá a bá fi eléyìí ránṣẹ́, àwọn tó kù á gbọ́ pé a ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó kàn. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á fi gbé tiwọn mì."

Ọ̀gá jókòó.

Abẹ́rẹ́ fi TÀBÍ kún un: tàbí tí ipò rẹ̀ ṣófo. Ó tẹ̀ ẹ́, ni orúkọ bá ń ya jáde bí omi, títí kan ọmọ tí wọ́n bí lánàá. ÀTI ti di tirẹ̀ mú, ó já TÀBÍ sílẹ̀ kó máa dá rìn, kó máa kó gbogbo ẹni tí ipò rẹ̀ ṣófo, ì báà má gba oògùn kankan. Ó fi àkámọ́ yí ipò méjèèjì ká, ó tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ń sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ dáadáa.

Abẹ́rẹ́ kò gbọ́. Ó ti tún pe ìyá rẹ̀. Fóònù náà dún, ó dún, ó dákẹ́ láìsí ẹni tó gbé e. Bó ṣe dákẹ́ láàárọ̀ náà nìyẹn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní oorun.

"Ibo lò ń lọ?" ni ọ̀gá bi í.

Ó ti dé orí àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, fóònù létí.