Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Torana Averil

Merv Tregilgas bú ẹ́ńjìnnì tuntun náà títí tí ìyàwó rẹ̀, Averil, fi sọ pé bó bá jẹ́ pé èébú ló ń mú ọkọ̀ sáré ni, àwọn ì bá ti gba ife ẹ̀yẹ kí ọkọ̀ tó jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, Merv fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú ọkọ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀ Torana aláwọ̀ yẹ́lò náà, ó ń gé irin, ó ń jó irin pọ̀, ó ń ráhùn. Averil a máa gbé tíì wá fún un, a sì máa bi í bóyá òun àti ẹ́ńjìnnì ti ń kí ara wọn.

Ìyá Averil ló fi Torana yẹn sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ra wọn ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí pápá ìdíje kékeré tó wà láàárín oko àlìkámà lẹ́yìn ìlú Moonta, ní Australia. Merv ló ń tún un ṣe, Averil ló ń wà á. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Merv ló tò ó láti òkè délẹ̀, ó sì mọ ohùn rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà wúwo, ó ti gbó, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń dákú. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ kíláàṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, èyí tó bá agbára rẹ̀ mu, le bí ẹni ń fẹsẹ̀ ti ògiri. Láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, bí Averil bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú ná, á dúró títí orúnkún òsì rẹ̀ á fi gbà fún un láti rìn.

Averil ló rí ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Ìyàwó àlùfáà ìjọ wọn ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Japan, òun ló fi ń lọ ra ẹran àti búrẹ́dì nígboro. Ní ọjọ́ kan, kangaroo fò jáde látinú igbó, ó lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ara ọkọ̀ rún wómúwómú, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó kéré, ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì ju ti àgbàlagbà inú Torana lọ. Averil ní òun ń fẹ́ ẹ. Merv ní kí ó kúkú lọ ra aṣọ ìdáná fún Torana náà, kí ó lè máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà.

Wọ́n jà á díẹ̀, wọ́n wá bá ara wọn ṣe àdéhùn. Àkókò tó yá jù lọ tí Torana fi sá yí pápá po rí wà lára pátákó ilé ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ wọn, ọ̀dà tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ń ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì tuntun bá yá ju ìyẹn lọ ní ọjọ́ ìdíje ìgbà ìrúwé, yóò di onílé, ti àtijọ́ yóò sì jáde kúrò nínú ṣẹ́ẹ̀dì pátápátá. Bí kò bá lè ṣe é, ti àtijọ́ yóò padà sí àyè rẹ̀. Averil wá fi kún un pé bí ti àtijọ́ bá padà, òun ò ní wakọ̀ náà mọ́, torí ẹsẹ̀ òun. Merv rẹ́rìn-ín. Kò sí ọdún tí Averil kì í sọ pé òun ò ní wakọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Oòrùn mú, eṣinṣin pọ̀, àwọn ẹyẹ magpie tó ń sàba lórí igi sì ń já lu orí gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́ wọn kọjá. Stav Kalionis, ọ̀rẹ́ Merv tó ń din ẹja tà nígboro, ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ni wọ́n gbé Ìjókòó kọ́ sí. Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, onípákó, tí wọ́n kun ní ọ̀dà wúrà. Ẹni tó bá hùwà agọ̀ jù lọ ní ọjọ́ ìdíje ni ẹgbẹ́ máa ń kó o sí lọ́rùn, tòun ti rẹ̀ ni yóò jọ jẹun, tòun ti rẹ̀ ni yóò sì jọ lọ sílé, kí ó gbé e kọ́ sí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí di ìdíje mìíràn. Wọ́n a máa kọ orúkọ olúwarẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ Merv pọ̀ níbẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló sì fà á, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi okùn wọ́ ọ wálé.

Bí Torana ṣe ń yọ bọ̀ ni ohùn Stav gba gbogbo pápá.

“Ẹ yà fún Torana o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé àpò ọjà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá rí yín, ó máa dúró gbé yín ni.”

Averil ju ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Merv kò dá sí wọn, ó ń rọ epo. Gálọ́ọ̀nù epo kún dẹ́múdẹ́mú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí yóò gbé ọkọ̀ lọ tí yóò gbé e bọ̀ ló dà sí táǹkì. Bó ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà èwe. Epo tí kò sí nínú táǹkì, ó ní, kì í wúwo.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń sáré, ní òun nìkan. Averil jáde lọ fún ti àkọ́kọ́. Torana náà gba ojú ọ̀nà tààrà bí ọfà. Merv ò fẹ́ kí ojú òun gba ohun tó ń rí, àmọ́ ọkọ̀ náà ń ya kọ́nà kéékèèké bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Ìgbà tó dé kọ́nà gígùn tó yí àká àlìkámà po, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ kọsẹ̀, kí ó tó tún mí kanlẹ̀ kí ó máa lọ. Stav ka àkókò rẹ̀ síta. Kò yá tó ti ara pátákó.

Ó tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, kọ́nà yẹn náà ló tún ti wúkọ́. Merv ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo wáyà, ó fọwọ́ kan pọ́ǹpù epo, ó mi orí. Ojú rẹ̀ fà ro bíi ti ẹni tó wá kí olókùú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń jó ijó tí kò jẹ́ kó dé ẹsẹ̀.

“Averil,” ó ní, “bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

“Àkísà ni mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí, ọkọ mi,” ni Averil wí. “Aṣọ ni mò ń wá.”

Àkókò oúnjẹ tó. Ìgbà kan ṣoṣo ló kù fún Torana láti sá lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n pín páì ẹran àti ọ̀dùnkún tó gbóná, àwọn èèyàn sì jókòó káàkiri sábẹ́ ibòòji. Merv mú ife méjì, ó lọ bu tíì. Fúláàsì ńlá ti ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ kí tíì tó jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, tábìlì dagẹ̀rẹ̀, fúláàsì náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Merv tẹ̀ ẹ́. Tíì kò jáde. Ó tún un tẹ̀, fúláàsì náà wúkọ́, ó tu afẹ́fẹ́ àti ìfófòó sínú ife. Merv rò pé ó ti tán. Ó ṣí i wò: tíì ṣì wà nínú rẹ̀, ó kàn ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu páìpù inú rẹ̀ sì gbẹ.

Merv ò lè gbọ́wọ́ kúrò lórí fúláàsì náà. Ikọ́ tó wú yẹn, ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ní kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kábúrétọ̀ sì ní ife kékeré tirẹ̀ tó ń tọ́jú epo tó tó ẹnu kan sí. Bí epo inú táǹkì bá ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà, ẹnu kan yẹn á gbé ọkọ̀ já. Ti tuntun yìí kò ní ife kankan. Tààrà ni pọ́ǹpù ń ti epo sí i lẹ́nu, bí pọ́ǹpù bá sì fa afẹ́fẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti pá a lórí nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì ìyàwó àlùfáà. Ebi ló ń pa á. Merv ló ń febi pa á, torí ó ń fún un lóúnjẹ bíi ti àgbàlagbà tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, láti inú táǹkì àtijọ́ náà tí kò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Táǹkì ni táǹkì, lòun rò.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó mọ̀. Bó bá lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí Averil á fi sáré kan tó kù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á padà wọlé. Kò ní parọ́ rárá. Páì ni yóò máa jẹ. Ó gbé fúláàsì dúró ṣánṣán, ó bu tíì rẹ̀, ó yíjú padà.

Averil ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti ká a sínú akoto, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ara akoto náà, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń nù ún bí ọdún ìdíje bá parí. Stav jókòó tì í. Averil ń béèrè bóyá orí ọmọbìnrin Stav á wọ akoto náà.

“Kí ló dé?” Stav bi í. “Ìkan ṣì kù.”

“Ìyẹn náà á wúkọ́,” ni Averil wí. “Mo ti bá Merv ṣàdéhùn. Mi ò lè tẹ kíláàṣì àtijọ́ yẹn mọ́, Stav. Èmi á máa bá yín pín tíì.”

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Stav pàápàá, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, bojú wo páì rẹ̀. Merv dúró pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó ti ń rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú Torana lójú ọkàn rẹ̀, Averil ló ń rí nídìí ọkọ̀. Kò tíì ro ó rí pé àga yẹn lè ṣófo.

Ó gbé tíì méjèèjì kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibi tó wà, ó lọ gbé gálọ́ọ̀nù, ó sì da gbogbo epo inú rẹ̀ sí táǹkì Torana títí ó fi kún dé ẹnu. Ó lọ yá òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn kí ó tó kún bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n pe Torana, Averil ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, kò kánjú. Merv bá a ṣílẹ̀kùn.

“Wà á bó ṣe wù ẹ́ ní kọ́nà àká yẹn,” ó ní. “Má ṣe rọra.”

Averil wò ó díẹ̀, imú rẹ̀ sún kì. Ó tan ọkọ̀.

Merv lọ dúró níbi wáyà tó dojú kọ àká àlìkámà. Ó gbọ́ Torana bó ṣe ń bọ̀, ohùn rẹ̀ tínrín, ó ń lọ sókè. Ó wọ kọ́nà. Merv ń retí ikọ́ náà, kò sì fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì náà kọrin wọ inú kọ́nà, ó kọrin yí àká po, ó kọrin jáde. Kò kọsẹ̀. Àwọn ẹyẹ galah tó ń ṣa àlìkámà fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Stav ka àkókò rẹ̀ síta: ó yá ju ti ara pátákó lọ. Ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀dà nílé lọ gbé e wá, nítorí pátákó ti di èké.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ kóra jọ sídìí Ìjókòó. Stav ti fẹ́ kó o sí ọ̀gbẹ́ni kan lọ́rùn, ẹni tó gbàgbé sípánà rẹ̀ sórí ọkọ̀ tó sì sá ìdíje tòun tirẹ̀. Merv na ọwọ́ sókè. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti epo díẹ̀, ti táǹkì àtijọ́, ti fúláàsì. Ojú ilẹ̀ ló ń wò sọ ọ́, ẹ̀rín sì ti ń bú jáde lẹ́yìn kí ó tó dórí fúláàsì.

“Mo ti gbọ́ òórùn epo lọ́wọ́ ẹ kí n tó wọkọ̀,” ni Averil wí. “Ọkọ̀ yẹn wúwo bí ẹni gbé Stav sẹ́yìn. Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Nígbà oúnjẹ.”

“O sì lè dákẹ́.”

“Mo gbìyànjú ẹ̀,” ni Merv wí. “Mo tiẹ̀ jẹ páì sí i.”

Averil gba Ìjókòó lọ́wọ́ Stav, òun fúnra rẹ̀ ló kó o sí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń múra fún ọkọ ìyàwó. Ó ní kí ó má bẹ̀rù nítorí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ní tòótọ́, yóò jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì, àdéhùn ni àdéhùn. Yóò wá síwájú fèrèsé ilé ìdáná, òun á sì gbin òdòdó sínú rẹ̀. Merv bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun gbogbo ni kó ṣe, kó má bu omi sí i. Averil ní òun á rò ó wò.

Orúnkún Averil kò dùn ún, ṣùgbọ́n ó ní ó ti rẹ òun, kí Merv wa Torana gun tírélà tí wọ́n fi ń wọ́ ọ lọ sílé. Merv ti búra pé òun ò ní jókòó sí ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn láéláé. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wọlé, Ìjókòó ń lu sítíárìn gbà-gbà. Ó tan ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé kíláàṣì bó ti ń ṣe fún ti àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ti ògiri, kíláàṣì náà sì wọlẹ̀ bíi òwú. Ẹ̀rù bà á, ó yára gbẹ́sẹ̀. Torana fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Stav gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

“Ẹ má bínú sí i,” ó ní. “Ẹ́ńjìnnì yẹn rò pé wọ́n ti dé ọjà ni.”